Kí ló dé tí owó ìṣúránsì ìfarapa òṣìṣẹ́ fi wọ́n tó báyìí fún àwa tó ń gbin òdòdó ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè òǹkàwé

Èmi àti ọkọ mi la jọ ní ọgbà tí a ti ń tọ́jú igi àti òdòdó fún títà ní Amẹ́ríkà níbí. A ń gbin igi kéékèèké sínú ike, a sì ní ilé ọ̀gbìn onírọ́bà tí a ń lò nígbà òtútù. A kì í wa kùsà, a kì í gun òrùlé, síbẹ̀ owó ìṣúránsì tí wọ́n ní ká san lórí àwọn òṣìṣẹ́ wa lọ́dún yìí fi púpọ̀ ju ti èṣín lọ. Ẹnì kan ní kí a sọ gbogbo wọn di kọngílá, ìyẹn ẹni tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, kí ọ̀rọ̀ náà lè kúrò lọ́rùn wa. Ẹlòmíràn ní oko ni wá, pé òfin ìṣúránsì yìí kò de oko. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

* * *

Ìdáhùn àkọ́kọ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, mà. Owó náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe yìí máa ń ba ẹ̀yìn àti ọwọ́ ènìyàn jẹ́ ju bí àwọn tí kò ṣe é rí ṣe rò lọ. Ike ńlá tí ilẹ̀ tútù kún inú rẹ̀ wúwo gan-an, òṣìṣẹ́ kan náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ gbé e nílẹ̀, tí yóò yí ẹ̀yìn padà gbé e sórí ọmọlanke, tí yóò tún gbé e sínú ọkọ̀, láti àárọ̀ títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ inú ilé ọ̀gbìn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, ó sì máa ń yọ̀. Ẹni tó ń gé ẹ̀ka láti òwúrọ̀ ń pa àlùmọ́gàjí dé, ó ń ṣí i, títí tí ìka rẹ̀ yóò fi kú tipiri. Oògùn apakòkòrò tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú ooru abẹ́ rọ́bà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo èyí ni àwọn oníṣúránsì ti kà mọ́ iye tí wọ́n ń bù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Wọ́n á wo àpapọ̀ owó tí ẹ san fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́dún, wọ́n á pín in sí 100 dọ́là 100 dọ́là, wọ́n á sì fi iye tí wọ́n bù fún irú iṣẹ́ yẹn sọ ọ́ di púpọ̀. Irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní kóòdù tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àjọ tí wọ́n ń pè ní NCCI ló ń pín kóòdù wọ̀nyí: 0005 ni ti àwọn tó ń tọ́jú igi àti ọ̀gbìn fún títà, 0035 sì ni ti àwọn tó ń gbin òdòdó, yálà nínú ilé ọ̀gbìn tàbí ní pápá. California ní àjọ tirẹ̀, WCIRB, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi òǹkà kan tí àwọn oníṣúránsì ń pè ní mod sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀. Òǹkà yìí ń sọ bí ìfarapa ṣe pọ̀ tó lọ́dọ̀ yín ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín. 1.00 ni ti ọgbà tí kò dára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí kò sì burú jù wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ lásán hàn yín. Bí ẹ bá san 400,000 dọ́là fún òṣìṣẹ́ lọ́dún, tí wọ́n sì bù 5 dọ́là lé 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan, 20,000 dọ́là nìyẹn. Bí mod yín bá jẹ́ 1.25, ó di 25,000. Bí ó bá jẹ́ 0.85, ó di 17,000. Òṣìṣẹ́ kan náà, iṣẹ́ kan náà, 8,000 dọ́là ló wà láàárín ọgbà méjèèjì.

Nítorí náà, kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ẹ bi alágbàtà yín, ẹni tó ń bá yín ra ìṣúránsì náà, léèrè èwo nínú mẹ́ta ló gòkè: ṣé owó iṣẹ́ tí ẹ san ni, ṣé iye tí wọ́n bù lé kóòdù yín ní ìpínlẹ̀ yín ni, àbí mod? Alágbàtà tí kò bá lè dáhùn ìyẹn kò bá yín ṣiṣẹ́ kankan.

* * *

Ìdáhùn kejì: lórí ọ̀rọ̀ "oko ni wá"

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé òfin kò de iṣẹ́ oko. Ó jẹ́ òtítọ́ níbì kan, kò sì jẹ́ òtítọ́ níbòmíràn, torí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí Wisconsin ti ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1911. Ní California, bó jẹ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹ gbà, ó di dandan, oko ni o, ọ́fíìsì ni o. Ní Florida, a yọ̀ǹda olóko tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbogbo ìgbà kò ju márùn-ún lọ, tí àwọn tó ń gbà fún ìgbà díẹ̀ kò sì tó méjìlá, tí iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ náà kò sì tó ọgbọ̀n ọjọ́. Ní Texas, agbanisíṣẹ́ aládàáni lè yàn láti má rà á rárá.

Ẹ má tíì yọ̀. Ẹni tí kò bá ra ìṣúránsì yìí, ìgbèjà tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí fún un. Àdéhùn tó wà nídìí òfin yìí ni pé òṣìṣẹ́ tó farapa yóò gba ìtọ́jú àti owó láì ní láti fi hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi, òun náà kò sì ní gbé ọ̀gá lọ sí kóòtù nítorí ìfarapa náà. Ní Texas, ọ̀gá tó yàn láti má rà á tún pàdánù àwíjàre tí ì bá máa lò ní kóòtù, pé òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Owó tí kóòtù lè ní kí ẹ san fún ẹ̀yìn kan tó ṣẹ́ lè gba ilẹ̀ ọgbà yín.

Bí ẹ bá sì mú òṣìṣẹ́ wá láti ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú físà H-2A, èyí tó wà fún òṣìṣẹ́ oko onígbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ìpínlẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ pèsè ìṣúránsì yìí fún wọn, bí ìpínlẹ̀ yín kò tilẹ̀ béèrè fún un.

Òǹkàwé kan láti Ohio béèrè ilé-iṣẹ́ tó lè fi owó rẹ̀ wéra. Ohio, North Dakota, Washington àti Wyoming nìkan ni ìjọba ti ń tà á fúnra wọn, kò sí ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ẹ lè sá lọ bá. Ní irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó kù ní ìkáwọ́ yín ni kóòdù tó tọ́ àti ìtàn ìfarapa tó mọ́.

* * *

Ìdáhùn kẹta: lórí sísọ òṣìṣẹ́ di kọngílá

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí pẹ́, nítorí òun ni ìmọ̀ràn tó ń ba àwọn ènìyàn wa jẹ́ jù.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí a bá ti kọ "kọngílá" sórí ìwé, tí a sì fún ẹni náà ní ìwé owó-orí irú ti kọngílá lópin ọdún, ọ̀rọ̀ ìṣúránsì ti parí. Kò parí o. Iṣẹ́ ni òfin ń wò, kì í ṣe orúkọ tí a fún un. Ta ló ń sọ aago tí yóò dé? Ta ló ń sọ igi tí yóò gé lónìí? Ṣé ó ní oníbàárà mìíràn, ṣé ó lè rán ẹlòmíràn wá dípò ara rẹ̀? Ní California, láti ọdún 2020 ni òfin tí wọ́n ń pè ní AB5 ti gbé ẹrù ẹ̀rí pé kọngílá ni ẹnì kan lóòótọ́ lé agbanisíṣẹ́ lórí. Apá kan nínú òfin náà ni pé iṣẹ́ tí kọngílá ń ṣe gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí òwò yín gan-an ń ṣe. Báwo ni ọgbà tó ń ta igi yóò ṣe sọ pé títọ́jú igi yàtọ̀ sí iṣẹ́ òun?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn olóko kọ ìwé owó iṣẹ́ wọn, mo sì ti jókòó ti ọ́dítọ̀ ilé-iṣẹ́ ìṣúránsì, ẹni tó ń wá yẹ ìwé owó wò, lópin ọdún. Ọ̀kan wà tí kò bi ọ̀gá ọgbà ní ìbéèrè kankan fún ìgbà pípẹ́. Ó kàn ń ṣí ìwé ṣẹ́ẹ̀kì ní ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì ń fi pẹ́ńsù sàmì sí orúkọ mẹ́rin tó ń gba iye owó kan náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó ni àlùmọ́gàjí tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lò. Ọ̀gá dákẹ́. Ọ́dítọ̀ náà tún béèrè ìwé ẹ̀rí ìṣúránsì wọn, kò sí. Owó tí wọ́n san fún àwọn mẹ́rin náà ní odidi ọdún kún owó iṣẹ́, owó ìṣúránsì wọn sì di gbèsè tí a gbọ́dọ̀ san lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn tí ọdún ti lọ, tí owó títà igi sì ti wọlé tó ti jáde.

Ẹ̀yin tó ní ojúlówó kọngílá, bí ẹni tó ń bá yín tún ẹ̀rọ ìgbóná ilé ọ̀gbìn ṣe tàbí ẹni tó ń fi rọ́bà tuntun bò ó, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìṣúránsì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gun àkàbà. Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé náà yóò kú. Bí ó bá kú kí iṣẹ́ tó parí, ọ́dítọ̀ lè ka owó rẹ̀ mọ́ tiyín.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé kí ẹ máa sanwó lọ́wọ́ láì kọ ọ́ sílẹ̀: ìwà ọ̀daràn ni kí a má ní ìṣúránsì yìí ní California níbi tó ti jẹ́ dandan, ìjọba sì lè pàṣẹ kí iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Florida náà ń pàṣẹ irú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọgbà tí wọ́n ti pa nígbà ìrúwé, tí oníbàárà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

* * *

Ìdáhùn kẹrin, ní kúkúrú: kóòdù

Òǹkàwé kan sọ pé òun ní kí alágbàtà kọ ìdajì òṣìṣẹ́ òun sábẹ́ 8810, kóòdù akọ̀wé inú ọ́fíìsì, torí pé owó rẹ̀ kéré púpọ̀. Akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì tó dá dúró, tí kì í bá wọn gbé ike, ni kóòdù yẹn wà fún. Ẹni tó ń dáhùn fóònù láàárọ̀, tó sì ń fọ́n omi lọ́sàn-án, kò sí nínú rẹ̀, a kò sì lè pín owó rẹ̀ sí méjì.

Ibi tí ìpín ti ṣeé ṣe ni bí ọgbà yín bá tún ní iṣẹ́ gidi mìíràn lọ́tọ̀, bíi kí ẹ máa lọ tún àyíká ilé oníbàárà ṣe. Kóòdù 0042 ni ìyẹn, ó sì sábà máa ń wọ́n ju 0005 lọ. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣe méjèèjì, ẹ kọ wákàtí tó lò níbi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójoojúmọ́. Wọn kò gba "a rò pé ó tó ìdajì". Bí àkọsílẹ̀ kò bá sí, abẹ́ kóòdù tó wọ́n jù ni gbogbo owó ẹni náà yóò bọ́ sí.

Ẹ tún kọ owó àfikún wákàtí lọ́tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, èlé orí àfikún wákàtí kì í wọ inú ìṣirò, bí ìwé bá fi í hàn. Nígbà ìrúwé tí iṣẹ́ ń pọ̀, owó gidi nìyẹn.

* * *

Ìdáhùn karùn-ún: ṣé ká máa fi owó ara wa tọ́jú ìfarapa kékeré?

Ìjiyàn lórí èyí pọ̀. Àwọn kan ní bí òṣìṣẹ́ bá gé ara rẹ̀ níka, kí ọ̀gá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kó sanwó, kó sì panu mọ́, kí mod má baà gòkè. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, torí pé òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ìfarapa kéékèèké ń gbé mod sókè ju ìfarapa ńlá kan tó ná iye kan náà lọ. Èrò àwọn oníṣúránsì ni pé ibi tí ènìyàn ti ń ṣubú lemọ́lemọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò ṣubú gidi.

Síbẹ̀, n kò fara mọ́ ọn. Ọgbẹ́ kékeré tí a bò mọ́lẹ̀ lónìí lè wú lọ́jọ́ mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ ìṣúránsì yóò sì béèrè ìdí tí ẹ kò fi sọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń lo ìṣirò NCCI, ìfarapa tó jẹ́ owó ìtọ́jú nìkan, tí òṣìṣẹ́ kò gba owó ọjọ́ tí kò fi ṣiṣẹ́, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ìdá 70 ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ ń fi owó àpò yín san ohun tí kò ní pa yín lára tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ lé ni pé kí ìfarapa kékeré má di ti owó ọjọ́ iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìdúró kí owó yẹn tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ní California, méje ní Florida àti Texas. Bí dókítà bá ní kí òṣìṣẹ́ má gbé nǹkan wúwo, ọgbà ní iṣẹ́ tí ẹni tó jókòó lè ṣe: ó lè gbin irúgbìn sínú abọ́ oníhò, ó lè kọ orúkọ sí páálí tí a ń so mọ́ igi, ó lè ka iye igi tó kù. Ẹ kọ iṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀, kí ẹ sì fi han dókítà. Ẹ má fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni padà. Ẹ̀yìn tí kò tíì san tí a dá padà sẹ́nu iṣẹ́ líle yóò tún fà, tirẹ̀ yóò sì burú ju ti àkọ́kọ́.

Ẹ má sì gbàgbé ìfarapa tí kò tíì parí. Ilé-iṣẹ́ ìṣúránsì máa ń ya owó sọ́tọ̀ fún ohun tí wọ́n rò pé yóò ná, owó yẹn ni wọ́n sì ń kà, bí a kò tilẹ̀ tíì ná an. Oṣù 18 lẹ́yìn tí ìwé ìṣúránsì ọdún kan bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi iye ìfarapa rẹ̀ ṣọwọ́ fún ìṣirò mod. Kí oṣù yẹn tó pé, ẹ pè wọ́n. Ẹ béèrè ohun tó dá ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ ti yá dúró láì tì í. Mo ti rí faìlì ẹni tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́, tí owó ńlá ṣì wà lórí rẹ̀ nítorí pé ìwé kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ dókítà kò tíì dé.

* * *

Ìdáhùn kẹfà: ìbéèrè òṣìṣẹ́ kan

Òṣìṣẹ́ ilé ọ̀gbìn kan kọ̀wé pé ọ̀gá òun ń yọ owó ìṣúránsì yìí nínú owó iṣẹ́ òun, ó sì ní bí òun bá farapa, kí òun fi káàdì ìlera ti ara òun gba ìtọ́jú.

Agbanisíṣẹ́ ló ni sísan owó yìí, òfin California sì ka yíyọ ọ́ lára owó iṣẹ́ léèwọ̀. Washington ló yàtọ̀: wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò níbẹ̀, òfin sì gbà kí òṣìṣẹ́ dá apá kan nínú rẹ̀. Ìṣúránsì ìlera ti ara ẹni náà kì í sábà san fún ìfarapa ẹnu iṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá purọ́ níwájú dókítà pé ilé ni òun ti ṣubú lè jẹ gbèsè méjì. Ohun tó tọ́ sí yín ni ìtọ́jú tí ọ̀gá yóò san fún, àti nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ọ̀sẹ̀ yín níwọ̀n ìgbà tí dókítà bá ní ẹ kò lè ṣiṣẹ́, dé ìwọ̀n tí ìpínlẹ̀ yín fi òté lé. Ẹ sọ fún ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ọ́ lórí ìwé. Bí ẹ kò bá ní ìwé ìgbélùú, ẹ má torí ẹ̀ dákẹ́: òfin California àti ti Florida ka irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tí ìṣúránsì yìí bò.

* * *

Ìdáhùn keje: a padà sọ́dọ̀ ìyá tó béèrè

Ẹ ní ẹ ti yẹ ìwé wò, pé mod ló gòkè, pé ẹ̀yìn ríro mẹ́ta àti ooru tó mú òṣìṣẹ́ kan ló fà á. Ó dára, ibi tí iṣẹ́ wà ti hàn.

Lórí ẹ̀yìn, ẹ lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń di igi sọ́kọ̀ kí ẹ sì wò ó. Bí tábìlì ìgbìn bá wà nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ní láti tẹ̀ba, ẹ gbé e ga dé ìbàdí. Ẹ ra ọmọlanke tí kò ga, kí ike má ní láti kọjá orúnkún kó tó gùn ún. Ènìyàn méjì ni kó máa gbé èyí tó tóbi jù. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú ọ̀nà tí omi ń dúró sí. Owó tábìlì kò tó owó ẹ̀yìn kan.

Lórí ooru, òfin ìdáàbòbò lọ́wọ́ ooru ti wà fún iṣẹ́ ìta ní California láti 2005. Ní 2024 ni wọ́n ṣe ti abẹ́ òrùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Ilé ọ̀gbìn máa ń kọjá ìyẹn kí ọ̀sán tó pọ́n. Ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ gbé òṣùwọ̀n ooru kọ́ sínú ilé ọ̀gbìn níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró sí, kì í ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn. Omi tútù àti ibi ìsinmi kí ó wà nítòsí. Ẹni tuntun ni kí ẹ ṣọ́ jù, ara rẹ̀ kò tíì mọ́ ooru náà. Bí ẹ bá fọ́n oògùn, wákàtí tí wọ́n kọ sára ìgò pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé, òfin EPA ni, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

Ní báyìí, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ gbogbo ìfarapa tí ilé-iṣẹ́ ìṣúránsì ní lórí yín àti ìwé ìṣirò mod yín. Ẹ ka orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo ti rí òṣìṣẹ́ ọgbà mìíràn nínú ìwé ẹlòmíràn. Ìṣirò náà ń wo ọdún mẹ́ta, ó sì ń fo ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, nítorí náà àtúnṣe ọdún yìí kò ní hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé àwọn ìwé yìí fún alágbàtà méjì ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ìwé ìṣúránsì yín yóò kú, pẹ̀lú lẹ́tà kan tó sọ tábìlì tí ẹ gbé ga, ọmọlanke tí ẹ rà àti iṣẹ́ ìjókòó tí ẹ ti kọ sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìṣúránsì lè bu owó kù fún ọgbà tí wọ́n bá rí irú rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ìwé mod náà gbà, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síbí láì fi orúkọ òṣìṣẹ́ kankan hàn, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlà kọ̀ọ̀kan.